Ìwé Tí Èmi Kọ́kọ́ Buwọ́ Lù

Ọdún kejì lẹ́yìn tí wọ́n ṣe Òlíńpíìkì ní London ni mo kọ ìwé sí ọ̀gá iléèwé ọmọ mi pé kí wọ́n má gba ọmọ tí kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára sínú ọgbà wọn mọ́. Èmi ni mo rò ó, èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ni mo kọ́kọ́ buwọ́ lù ú. Ọkọ mi bá mi tún gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ṣe torí pé ó kàwé jù mí lọ, àmọ́ ìbínú inú rẹ̀, tèmi ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀dà kan ṣì wà nínú àpótí mi. Mi ò kà á mọ́.

Thamesmead là ń gbé nígbà náà, ní àjà kejì ilé kan tí wọ́n fi kọnkéré kọ́ látòkèdélẹ̀, tó kọjú sí adágún omi. Tí atẹ́gùn bá ti ìhà Crossness fẹ́ wá, gbogbo wa á sáré ti fèrèsé, torí ibẹ̀ ni omi ẹ̀gbin ìlú ń lọ. Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì, èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan ní Belvedere. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo la ní. Woolwich ni mo bí i sí, ibẹ̀ ló sì ti gba àwọn abẹ́rẹ́ ìkókó, tí nọ́ọ̀sì kọ wọ́n sínú ìwé pupa tí wọ́n máa ń fún ìyá ọlọ́mọ níbí. Nígbà tó pé oṣù mẹ́jọ, mo gbé e lọ fún ìyá ọkọ mi ní Ìbàdàn. Kò sí ohun àjèjì níbẹ̀. Nínú àwọn obìnrin wa tí mo mọ̀ ní Thamesmead àti Woolwich, àwọn tó ti fi ọmọ ránṣẹ́ sílé rí pọ̀ ju àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí iṣẹ́ ò jẹ́ kó mí, tí kò ní ìyá tàbí àbúrò nítòsí, kí ló fẹ́ ṣe? Ọdún mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni ọmọ náà lò níbẹ̀. Nígbà tó fi padà, ó ti ń kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbàlagbà tó bá rí, títí kan ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì tí à ń wọ̀ lọ sí Woolwich.

Nínú ẹrù tí ìyá ọkọ mi dì fún un ni mo ti rí káàdì abẹ́rẹ́ láti ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàdàn. Láti ìgbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́sàn-án ni káàdì náà ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ìdílé ọkọ mi wà lórí rẹ̀, oríkì ọmọ mi ló sì ṣáájú rẹ̀. Oríkì yẹn nìkan ni màmá máa ń pe ọmọ náà. Àwọn orúkọ rere tí a kọ sínú ìwé ìbí rẹ̀ kì í jẹ́ nǹkan kan létí wọn. Gbogbo abẹ́rẹ́ ló pé. Ti èèyi, tí wọ́n ń pè ní measles níbí, wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ ìbí nìkan ni kò bára mu, wọ́n fi ọjọ́ mọ́kànlá ṣì í kọ. Nígbà tí mo mú káàdì náà lọ sọ́dọ̀ dókítà wa, nọ́ọ̀sì tó ń kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà fi ìka kan ọjọ́ ìbí náà, ó ní ṣé kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "You know how they write things back home." Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ ilé rẹ̀ dénú. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀, mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, a lọ sílé.

Nísàlẹ̀ wa gan-an ni obìnrin kan ń gbé pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀, àwọn méjì péré. Ọmọ Èkó ni obìnrin náà, àmọ́ ìhín ló dàgbà sí. Ìyá Ìsàlẹ̀ la máa ń pè é nínú ilé wa. Òun ló máa ń mú àwọn ọmọ méjèèjì lọ síléèwé láàárọ̀, torí èmi ti gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ láago méje. Èmi ni mo máa ń lọ mú wọn bọ̀ lọ́sàn-án, torí ọ̀sán ni iṣẹ́ tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. A ò jókòó ṣe àdéhùn kankan lórí rẹ̀. Ọjọ́ kan ló bá mi mú tèmi lọ, ló bá di bí a ṣe ń ṣe é.

Ọdún àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ wa lò níléèwé ni ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún kan gbáko láàárín ilé ìwòsàn àti yàrá. Irun rẹ̀ re tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ojú rẹ̀ wú nítorí oògùn. Nígbà tó yá, àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti mọ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ máa lo oògùn lọ fún ọdún kan àti ààbọ̀ sí i, wọ́n sì ní ó lè padà síléèwé. Ẹ ò rí ìdùnnú rí. Lọ́jọ́ Sátidé, ó á wọ yunifọ́ọ̀mù, ó á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó á ní ìyá òun ń parọ́ pé kò sí iléèwé. Kò sí ohun tí ọmọ yẹn tún fẹ́ láyé ju kó jókòó sínú kíláàsì láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé oògùn tó ń lò ti pa gbogbo agbára tí ara rẹ̀ fi ń bá àrùn jà. Abẹ́rẹ́ èèyi ò ṣeé gún fún un, tí èèyi bá sì mú un, ó lè pa á. Ní ọ̀sẹ̀ tí ọmọ náà padà, ìyá rẹ̀ gbàyè níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún wa ní géètì iléèwé. Kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò.

"Ẹ jọ̀ọ́, the consultant ní kí n bá gbogbo parents sọ̀rọ̀. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ ò bá tíì gba measles jab, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbà á fún un. Ọmọ tèmi ò lè gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ yí i ká lẹ jẹ́ abẹ́rẹ́ tiẹ̀. Tí ẹnì kan bá mú un wọ kíláàsì, they will tell me to keep him at home, ó sì ti parí nìyẹn."

Àwọn kan mi orí, àwọn kan ní àwọn á yẹ ìwé àwọn wò. Obìnrin kan ṣoṣo ló dáhùn ní gbangba. Ìyá Ìbejì ni, tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ wa, kódà orí tábìlì kan náà ni wọ́n jókòó sí pẹ̀lú ọmọ ìsàlẹ̀. Ìjọ rẹ̀ wà nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Thamesmead West, ó sì máa ń pè mí ní Alhaja bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì fojú kan Mẹ́kà rí.

Ó ní, "Mi ò ní tan yín. Àwọn ìbejì mi ò gbà á, wọn ò sì ní gbà á. Ẹ̀gbọ́n wọn ń sọ̀rọ̀ dáadáa kí wọ́n tó gún un. Láti ìgbà yẹn, I have not heard 'Mummy' from his mouth. I'm sorry for your son, my sister. God knows I'm sorry."

Mo mọ ẹ̀gbọ́n àwọn ìbejì náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ó máa ń di etí rẹ̀ mú nínú bọ́ọ̀sì, kì í sọ̀rọ̀. Àwọn dókítà ti sọ ọ́ títí ó ti sú wọn pé abẹ́rẹ́ kọ́ ló ń fa irú rẹ̀, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, mi ò ro ti ọmọ yẹn, mi ò ro ti ìyá rẹ̀. Inú ló kàn ń bí mi. Èmi, tí inú bá ń bí mi, ẹnu mi máa ń yá ju ọpọlọ mi lọ.

Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ kó àwọn ọmọ yín sílé nígbà náà. Ẹ máa kọ́ wọn nílé."

Ó ní, "Ṣé ìwọ lo ni iléèwé ni, Alhaja?"

Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo pariwo. Mo ní ìkà ni. Lọ́jọ́ kejì, mo mú káàdì ọmọ mi láti ilé, mo nà án sókè ní géètì, mo ní kí olúkúlùkù lọ mú tirẹ̀ wá bí mo ṣe mú tèmi wá. Tí mo bá rántí apá mi tí mo nà sókè yẹn, ara mi máa ń bù máṣọ títí dòní.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ ìwé náà. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló buwọ́ lù ú lẹ́yìn mi, dúdú, funfun, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì. Ìyá Ìsàlẹ̀ nìkan ni kò buwọ́ lù ú. Ó ní òun ò fẹ́ wàhálà, pé ohun tí òun fẹ́ mọ̀ kò ju ọmọ tí òun lè gbé ọmọ òun jókòó tì lọ.

Ọ̀gá iléèwé pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó fún mi ní tíì. Ó ní òun ka ìwé náà, òun sì mọ ohun tó ń dùn wá, àmọ́ òfin orílẹ̀-èdè yìí ò fún òun láyè. Iléèwé ìjọba ò lè lé ọmọ kankan nítorí pé kò gba abẹ́rẹ́. Òun lè kọ lẹ́tà sí àwọn òbí, òun lè pe nọ́ọ̀sì wá bá wọn sọ̀rọ̀, ibi tí agbára òun mọ nìyẹn. Mo bi í pé ta ni òfin náà wá ń dáàbò bò. Ó ní gbogbo ọmọ. Mo gbé tíì náà sílẹ̀ láìmu ún. Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé òyìnbó ò ní ọgbọ́n, pé nílé wa, ọ̀gá iléèwé á ti lé wọn lọ́jọ́ kan náà.

Ìyá Ìsàlẹ̀ rí tíṣà ní ti tirẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ọmọ òun kúrò lórí tábìlì àwọn ìbejì. Tíṣà ní kó mú ibi tó bá fẹ́. Nígbà tí mo mú àwọn ọmọ dé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Ó ní, "Auntie, mo ti ní kí wọ́n gbé e jókòó ti ọmọ yín. Nínú gbogbo class yẹn, ọmọ yín nìkan lọkàn mi balẹ̀ sí."

Inú mi dùn débi pé mo fún un ní abọ́ ìrẹsì tí mo sè fún ara wa. Àwọn ọmọ náà di ọ̀rẹ́ gidi. Wọ́n ń pín pẹ́ńsù lò, wọ́n ń pín ìwé kà, ọmọ mi ló máa ń bá a gbé báàgì rẹ̀ tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Láti oṣù kẹwàá títí dé oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, kò pa iléèwé jẹ ju àwọn ọjọ́ tó ń lọ rí dókítà lọ. Ó wúwo sí i. Irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hù.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan nínú oṣù kẹta yẹn, ara ọmọ mi gbóná nígbà tí mo jí i. Ó ń wúkọ́, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Ẹni méjì ti sọ pé àwọn ò ní wá sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn ní Belvedere, ọ̀gá wa sì ti bẹ̀ mí lálẹ́ ọjọ́ Sunday pé kí n má já òun kulẹ̀. Mo fún ọmọ mi ní oògùn ibà olómi, síbí méjì. Nígbà tí ara rẹ̀ máa fi rọ̀, mo ti wọ kóòtù. Ìyá Ìsàlẹ̀ wá mú un. Ó ní, "Auntie, kò fi bẹ́ẹ̀ lókun o." Mo ní ọ̀fìnkìn lásán ni. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú ní ọwọ́ kan, ó di ti ọmọ tirẹ̀ mú ní ọwọ́ kejì, wọ́n lọ. Lọ́jọ́ Tuesday, bákan náà ni mo tún ṣe, síbí méjì, ọ̀fìnkìn lásán. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé mi ò mọ̀ pé a kì í gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lọ síléèwé. Mo mọ̀. Iṣẹ́ mi ni mo rò.

Lọ́jọ́ Wednesday, kò lè dìde. Mo dúró tì í nílé. Lára àwa dúdú, tí ara bá sú, kì í tètè hàn sójú, ọwọ́ ni mo fi mọ̀ ọ́n: mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí rẹ̀, mo kan ọrùn rẹ̀, ó rí ṣákaṣàka. Mo pe ìyá ọkọ mi lórí fóònù nítorí pé ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n tọ́.

Wọ́n ní, "Ṣé ojú ẹ̀ pọ́n?"

Mo ní ó pọ́n.

"Ṣé ó ń wúkọ́?"

Mo ní ó ń wúkọ́ bí àgbàlagbà.

"Èèyi ni, ìyàwó mi. Má dà á láàmú. Máa fún un lómi."

Mo ní kò lè jẹ́ èèyi, màmá, ṣebí ó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dọ̀ yín.

Wọ́n ní, "Abẹ́rẹ́ wo?"

Mo sáré mú káàdì náà. Mo ka orúkọ ilé ìwòsàn tó wà lórí rẹ̀ fún wọn, mo ka oríkì rẹ̀.

Wọ́n ní, "Oríkì ìyá tó bí mi nìyẹn. Òun ni mo fún àwọn méjèèjì, ọmọ tìrẹ àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ. Ọjọ́ ìbí wo ló wà níbẹ̀?"

Mo kà á. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe mí kanlẹ̀ láti Ìbàdàn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà, ọ̀dọ̀ màmá ló gbé dàgbà. Láti Èkó ni wọ́n ti gbé e wá nígbà tó pé oṣù mẹ́sàn-án, ọjọ́ mọ́kànlá péré ni òun àti ọmọ mi fi ju ara wọn lọ. Bàbá rẹ̀ lówó, ilé ìwòsàn aládàáni ló ń san fún. Inú ọ̀rá kan náà ni màmá kó ìwé àwọn méjèèjì sí. Nígbà tí wọ́n ń di ẹrù ọmọ mi, wọn ò lè ka ju oríkì lọ, wọ́n rí oríkì, wọ́n mú èyí tó wà lókè. Ọmọ tèmi, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ gbóná, wọ́n ní kí wọ́n gbé e padà wá. Nígbà tí wọ́n padà lọ, àwọn nọ́ọ̀sì ń daṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ara ọmọ le, wọ́n gbàgbé.

Mo ní, "Mummy, ṣebí mo bi yín. Ẹ ní ó ti gba gbogbo ẹ̀."

Wọ́n ní, "Èyí tó gbà ní London kó tó wá ni mo rò pé ò ń bi mí. Mo mọ̀ pé òyìnbó ti gún un dáadáa." Wọ́n bú sẹ́kún. Mi ò tiẹ̀ lè bínú sí wọn. Màmá ò kàwé, èmi kàwé. Nọ́ọ̀sì fi ìka kan ọjọ́ ìbí náà fún mi, mo fi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo pe dókítà wa, ó ní kí n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé kí n má bàa pàdé àwọn aláìsàn mìíràn. Ó yẹ inú ẹnu ọmọ mi wò, ó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá òun lójú pé measles ni. Kò ju wákàtí kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí obìnrin kan láti ọ́fíìsì ètò ìlera fi pè mí. Ó ní ta ló jókòó ti ọmọ mi nínú kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè àti Tuesday. Mo sọ fún un. Mo ní, má tíì pe ìyá rẹ̀, jẹ́ kí n lọ sọ fún un fúnra mi. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni òun lè fún mi.

Àtẹ̀gùn ilé wa kò ju méjìdínlógún lọ. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ìyá Ìsàlẹ̀ ń múra iṣẹ́. Ó ní, "Auntie, ara ọmọ ńkọ́?"

Mo kúnlẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún méjìlá jù ú lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, káàdì, oríkì, ọjọ́ mọ́kànlá, oògùn ibà. Kò pariwo. Ó ń de bọ́tìnnì rẹ̀ lọ ní tirẹ̀, ó dè é dé òkè, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ó ní, "Monday àti Tuesday?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Èmi ni mo di ọwọ́ ẹ̀ mú." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó wà lórí table àwọn ìbejì tẹ́lẹ̀. Kò sí nǹkan tó ṣe àwọn ìbejì yẹn. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé e wá sọ́dọ̀ yín."

Báàgì ilé ìwòsàn wọn kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé e, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, ó lọ mú ọmọ rẹ̀ níléèwé.

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi omi tí wọ́n yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn sí i lára, èyí tó lè bá a lé àrùn náà sẹ́yìn. Wọ́n dá oògùn jẹjẹrẹ rẹ̀ dúró. Ọjọ́ mọ́kànlélógún la ní láti fi dúró ká tó mọ̀ bóyá àrùn náà mú un. Ọmọ mi ti ń fò káàkiri ilé ní ọjọ́ kẹwàá, èmi ni mo ṣàìsàn. Mi ò lè jẹun. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ bá dún, mo máa ń sáré lọ síbi fèrèsé. Mo bẹ Ọlọ́run bí mi ò ṣe bẹ̀ ẹ́ rí nígbà tí mo ń rọbí.

Láàárín àkókò yẹn ni Ìyá Ìbejì wá kan ilẹ̀kùn wa. Àwọn ọlọ́fíìsì ìlera ti ní kí àwọn ìbejì náà dúró sílé títí ọjọ́ mọ́kànlélógún á fi pé, gẹ́gẹ́ bíi gbogbo ọmọ kíláàsì tí kò gba abẹ́rẹ́. Mo rò pé ó wá fi mí ṣẹ̀sín, mo sì ti gbà pé ó tọ́ sí mi.

Ó ní, "Alhaja, ọmọ ńkọ́?"

Mo ní ó ti ń jẹun.

"Ọmọ ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní a ò tíì mọ̀.

Ó jókòó. Ó ní, "Ìwé tẹ́ ẹ kọ yẹn, ọ̀rọ̀ àwa tí a sọ tiwa síta ló sọ. Gbogbo èèyàn ti mọ̀ wá, wọ́n ti gbé ọmọ wọn sá fún wa. Ẹni tí kò mọ̀ ńkọ́?" Ó dìde, ó ní òun á máa gbàdúrà fún wa. Mo sìn ín dé orí àtẹ̀gùn. Mi ò mọ̀ bóyá ó padà gún àwọn ìbejì rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Mi ò bi í.

Àwọn kan máa ń bi mí lórí ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá níbi iṣẹ́, bóyá ó yẹ kí iléèwé ìjọba gba ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́. Mo ṣì gbà pé kí ìyá kọ̀ọ̀kan lọ gba abẹ́rẹ́ fún ọmọ rẹ̀, mo sì máa ń sọ ọ́ láìfi bò. Tí wọ́n bá ní kí a lé ọmọ, ìgbà yẹn ni mo máa ń dákẹ́. Tí wọ́n bá ti gba ti ìwé mi ni, ọmọ mi ni wọn ì bá kọ́kọ́ lé, àfi pé kò sí ẹni tó mọ̀, àní èmi tí mo bí i.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún pé. Àrùn náà ò mú ọmọ ìsàlẹ̀. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí ọkọ mi pè mí sọ fún mi. Dókítà ní kí ọmọ tèmi ṣì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ nítorí àwọn àrùn mìíràn tí abẹ́rẹ́ náà tún ń dènà, ó sì gba àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo lọ rí ọ̀gá iléèwé láti bi í bóyá ọmọ mi ṣì lè padà. Ojú ń tì mí, ilẹ̀ ni mo ń wò. Ó tún fún mi ní tíì. Ó ní ká má yọ ara wa lẹ́nu, iléèwé ìjọba ò lè lé ọmọ kankan nítorí abẹ́rẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mu tíì náà tán.

Ọmọ mi padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Lọ́sàn-án ọjọ́ Thursday, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ìyá Ìsàlẹ̀ ni, ó kó ìwé kíkà iléèwé mẹ́rin dání. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ó ní, "Auntie, ẹ bá mi dá àwọn books yìí padà fún tíṣà. The consultant ní kò ní lọ mọ́ títí tí wọ́n á fi parí gbogbo oògùn yẹn. It's next year, by God's grace."

Mo gba àwọn ìwé náà. Mo ní kó forí jì mí. Ó ní òun ti gbọ́. Ó yíjú padà láti máa lọ, ọmọ rẹ̀ fà á láṣọ, ó sọ nǹkan sí i létí.

Ó ní, "Ó ní kí n bi yín pé kí ni wọ́n ṣe ní class lónìí."

Mi ò mọ̀. Mo pe ọmọ mi jáde láti inú yàrá. Bó ṣe rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sáré bọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ọmọ ìsàlẹ̀ fà sẹ́yìn lórí àtẹ̀gùn, ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu àti imú rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé ìwòsàn. Ọmọ mi dúró. Ó wo ojú mi. Ó bọ́ sẹ́yìn títí tó fi kan ilẹ̀kùn yàrá, ibẹ̀ ló sì dúró sí tó ti ń kígbe ohun tí wọ́n kọ́ lónìí fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí ìṣirò dé orí eré ìdárayá.